Kí Ara Tó Lè Balẹ̀ Lẹ́yìn Ìbẹ̀rù

Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ó kan ọjà náà, torí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò lè ná ọjà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan ń ta gàrí. Ó gun zémíjàn lọ sọ́jà, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run yọ ọ́, eegun kankan ò ṣẹ́, orúnkún ló kàn bó. Wọ́n kí i kú ewu, wọ́n bá a dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, orúnkún ti jinná, àpá ló kù. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí gàrí inú igbá tó fi ń wọ̀n á fi dànù. Kì í sùn lóru. Oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Wọ́n wọn ìfúnpá, kò ga. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó délé, àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, àwọn mìíràn ní ayé ló ń bá a jà. Owó tó fi ń ra gàrí wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán díẹ̀díẹ̀, lónìí ọ̀dọ̀ babaláwo, lọ́la ọ̀dọ̀ wòlíì.

Ẹ̀yin náà mọ irú ìyá yìí. Mi ò rò pé àbúlé kan wà tí kò ní tirẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan" tí wọ́n sọ yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Nǹkan kan wà. Inú ara ló wà, àmọ́ kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe inú eegun.

Ẹ gbọ́ bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá dẹ́rù bà wá. A máa ń ní: àyà mi já. Ara mi bù máṣọ. Orí mi wú. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Tí nǹkan bá dùn wá, a ní inú wa bàjẹ́. Tí a bá sì fẹ́ kí ẹnì kan dẹ̀rọ̀, kí la máa ń sọ fún un? Fara balẹ̀. Ìyẹn ni pé, fi ara ba ilẹ̀. A ò sọ fún un pé kó lọ ronú o, ara la bá wí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n ń fi ìwé Faransé kọ́ wa nípa ọkàn ọmọdé, mo máa ń rò ó nínú ara mi pé ìyá àgbà mi ti sọ èyí fún mi nídìí ààrò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Nínú ara wa, yàtọ̀ sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àwọn iṣan mìíràn wà tó tín-ín-rín bí òwú, tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sára, tó sì ń gbé e láti ara padà sọ́dọ̀ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní iṣan ìmọ̀lára. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a rán wọn níṣẹ́. Àwọn ló ń darí bí ọkàn ṣe ń yára tàbí rọra lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, àti bí òógùn ṣe ń jáde. Wọ́n pín sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan ni ti eré àti ìjà. Bí ejò bá yọ lójijì, òun ló máa ń ta ara jí, tí ọkàn á máa lù kìkì, tí ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí ẹsẹ̀ àti apá, tí ikùn á pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì. Ọ̀wọ́ kejì ni ti ìsinmi. Òun ló ń mú ara wálẹ̀ nígbà tí ewu bá ti lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1890, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ìṣègùn ní Harvard, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Walter Cannon, ń fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara wo bí oúnjẹ ṣe ń rìn nínú ikùn ológbò. (Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń pè ní radio ní ilé ìwòsàn wa. Kì í ṣe rédíò tiwa yìí o.) Ó rí i pé ìgbàkígbà tí ara ológbò náà ò bá balẹ̀, tó bá ń jà láti bọ́, ikùn rẹ̀ máa ń dúró gbagidi. Tí ara rẹ̀ bá rọ̀, ikùn náà á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1915 ó kọ ìwé lórí ohun tí ìrora, ebi, ìbẹ̀rù àti ìbínú ń ṣe sí ara. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ò lè jẹun láti ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ikùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu eré.

Iṣan tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀wọ́ ìsinmi ni èyí tí wọ́n ń pè ní vagus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì ni alárìnkiri, torí ó ti ìdí ọpọlọ wá, ó gba ọrùn, ó kan ọkàn, ó kan ẹ̀dọ̀fóró, ó kan ikùn àti ìfun. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé bí a bá kó okùn 10 jọ nínú rẹ̀, bí 8 ló ń gbé ìròyìn láti ara lọ sókè sí ọpọlọ. Ara ń bá orí sọ̀rọ̀ ju bí orí ṣe ń bá ara sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wá wò ó: bí a bá ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé "má bẹ̀rù mọ́, ó ti tán", orí rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ara ò tíì gbọ́, ara ló sì ń pariwo jù.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otto Loewi fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe àyẹ̀wò kan ní 1921, ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria. Ó ní ojú àlá lòun ti rí bí òun yóò ṣe ṣe é. Ó yọ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì, ó fi wọ́n sínú omi iyọ̀, méjèèjì ṣì ń lù. Ó ta iṣan vagus ti àkọ́kọ́ jí, ọkàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Ó wá bu omi tó wà lára rẹ̀, ó dà á sí ti èkejì tí kò fọwọ́ kàn rárá. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Ìyẹn ni pé iṣan náà ń tú èròjà kan jáde tó ń sọ fún ọkàn pé "rọra". Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1936 nítorí iṣẹ́ náà.

A ò nílò ọ̀pọ̀lọ́ láti rí i o. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbẹ̀ yẹn, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí ó ti ń lù. Ẹ ti rí i? Ẹ mí sínú jẹ́jẹ́. Ẹ wá mí síta, kí ó gùn, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kó tó mu ún. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú yín á rí i pé nígbà tí ẹ̀ ń mí sínú, ó yára díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ ń mí síta, ó fà díẹ̀. Lára àwọn ọ̀dọ́ ló ti hàn jù. Àgbàlagbà tí kò bá rí i, kì í ṣe àìsàn. Alárìnkiri yẹn ló wà nídìí rẹ̀. Tí ẹ bá ka mẹ́rin bí ẹ ṣe ń mí sínú, tí ẹ ka mẹ́fà bí ẹ ṣe ń mí síta, ẹ ó mí tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ara púpọ̀ ló máa ń rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jíjà àti sísá nìkan kọ́ ni ara mọ̀ nígbà ewu. Ẹ rántí eré tí a máa ń fi adìyẹ ṣe ní kékeré? A ó dá adìyẹ dùbúlẹ̀, a ó di orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, a ó fi ìka fa ìlà gbọọrọ sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. A ó fi í sílẹ̀, kò ní dìde. Ojú rẹ̀ là, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ó gan pa. A rò pé oògùn la ní. Kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ẹranko bá rí i pé òun ò lè jà, òun ò sì lè sá mọ́, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ti ìlẹ̀kùn. Ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá dẹ etí sí mi dáadáa. Ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, àwọn dọ́kítà bi obìnrin 298 tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara wọn lásìkò náà. Ìwádìí náà jáde ní 2017. Nínú 100, 70 ló ní ara àwọn gan, tí wọn ò lè gbéra, tí ohùn ò jáde. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin kan bá délé tó ń sunkún, tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, tí a wá bi í pé "kí ló dé tí o ò kígbe?", ìyà kejì la fi ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ẹ. Ara rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà àrùn éèdì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é, ẹ gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ. Ẹ má jókòó parí rẹ̀ nínú ilé.

Ó dáa. Ara ti gbé ẹ̀rù, ewu ti lọ, ara ò sì mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Báwo la ṣe lè jẹ́ kí ara mọ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Á jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, á máa rò. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé ó yẹ ká wo ara náà ni Wilhelm Reich, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sigmund Freud ní Vienna. Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, ó sọ àwọn nǹkan mìíràn tí sáyẹ́ǹsì ò gbà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ròkè lónìí ni Peter Levine, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ṣàkíyèsí pé ẹranko ìgbẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ewu lójoojúmọ́, síbẹ̀ kì í gbé ẹ̀rù náà kiri bíi tiwa, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1997.

Bí ìyá onígàrí wa bá dé ọ̀dọ̀ irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀, oníṣègùn náà kò ní ní kó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á ní: "Ìyá, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, ibo ló ti ń ṣe yín lára?" Ìyá lè ní ọ̀fun òun há. Á tún bi í: "Ǹjẹ́ ibì kan wà lára yín tó tù yín báyìí?" Ìyá lè ronú títí, kó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun, torí ilẹ̀ tútù. "Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná." Wọ́n á dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á padà sí ọ̀fun tó há, díẹ̀, wọ́n á tún padà sí ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ bá fẹ́ gbọ̀n, kò ní ní kó dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ jòjòló mọ iṣẹ́ yìí: a kì í gbé ọmọ sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, a máa ń fi omi tútù là á díẹ̀díẹ̀, tí a ó máa fi ìgúnpá wò ó.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tó ń ta ìtọ́jú máa ń sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí kan wáyé ní Israel, ó jáde ní 2017: ènìyàn 63 tí ewu ti bá, ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ara àwọn tó kọ́kọ́ gbà á balẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n ní kó dúró de ìgbà tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, Bessel van der Kolk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó obìnrin 64 jọ, tí wọ́n ti gba ìtọ́jú títí tí kò gbọ́. Fún ọ̀sẹ̀ 10, ìdajì ń ṣe yógà, ìyẹn títẹ ara àti mímí jẹ́jẹ́. Ìdajì ń gba ẹ̀kọ́ ìlera lásán. Nígbà tó parí, àwọn tí wọn ò lè pè ní aláìsàn mọ́ jẹ́ 52 nínú 100 láàárín àwọn oníyógà, 21 nínú 100 láàárín àwọn yòókù. Ìyẹn jáde ní 2014. Ó dára, ṣùgbọ́n ènìyàn 63 àti 64 kò pọ̀. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tí ewu bá ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣì pọ̀ jù. Lójú tèmi, kò sídìí fún ìjà láàárín wọn.

Irú oníṣègùn yẹn ò sí ní abúlé wa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a ń ṣe lójoojúmọ́ tí a lè tún ṣe láìná fáráńkì kan. Ìkíni kú ewu ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ewu ṣẹlẹ̀ lówùúrọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn 20 ti wá. Olúkúlùkù á jókòó, á ní: "Ẹ kú ewu o. Báwo ló ṣe jẹ́ gan-an?" Ìyá á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: mo gun zémíjàn, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe ń sọ ọ́, àyà rẹ̀ ń já. Orí mọ̀ pé ìtàn ni. Ara ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ̀ gbá a, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti wà níwájú ọkọ̀ náà ní ogún ìgbà. Ìfẹ́ la fi ń bi í, mo mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí a má fi ipá mú ẹni tí ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ bá láti rò ó. Ìwé tí wọ́n ṣe ní 2011 fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ kó o sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: wò, gbọ́, so ó pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má já a lẹ́nu. Tí kò bá fẹ́, ẹ má fà á jáde.

Mo dábàá pé kí ẹnì kan nínú ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa rò ó fún àlejò, kí àwọn àlejò kàn wọlé kí wọ́n jókòó. Jíjókòó tì í pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ bu omi fún un. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ bá a mú ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ bá a ta gàrí ọjọ́ yẹn. Tí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ lè fọwọ́ kàn, tó sì gbà, ẹ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìjàm̀bá ọkọ̀. Nígbà tí epo kpayo gbiná ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ènìyàn tó lé ní 30 ló kú. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, àwọn tó kú àti àwọn tó jóná la máa ń kà. Ẹni tó dúró lókèèrè tó rí i, tí kò sí ọgbẹ́ kan lára rẹ̀, a kì í kà á. Òun náà lè máa gbóòórùn bẹntiróòlù kí àyà rẹ̀ já fún ọdún méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fọ́nrán òkú ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ojú tó rí i lórí fóònù náà ń gbé e wọnú ara.

Bí ẹ̀rù bá gbé ẹnì kan lójijì nínú ọjà, ohun kan wà nínú ìwé tí àjọ kan náà ṣe ní 2020 tó rọrùn: kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó na apá díẹ̀, kó rọra mí, kó wá sọ nǹkan tó ń rí àti èyí tó ń gbọ́. "Mo rí ata. Mo rí agboòrùn pupa. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo." Fara balẹ̀ náà ni. Ẹni tí mímí bá ń dà láàmú, bí ẹni tó ní ikọ́ fée, kó fi mímí sílẹ̀, kó lo ẹsẹ̀ àti ojú nìkan.

Ṣùgbọ́n o, ilé ìwòsàn ni ẹ kọ́kọ́ lọ. Àyà tó ń dùn tí ìrora náà ń lọ sí apá, èémí tó ń há, ẹ má sọ pé ẹ̀rù ni, ẹ sáré. Ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá kò gbọdọ̀ tìtorí ohun tí mo sọ yìí fi í sílẹ̀. Bí oṣù kan bá sì ti kọjá, tí ẹnì kan kì í sùn, tàbí tó ń mu sódábì kó tó lè sùn, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn, kí dọ́kítà abúlé kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọkàn: ilé ìwòsàn Jacquot ní Kútọnù, tàbí ti Zébé ní Aného fún àwọn ará wa ní Tógò. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ènìyàn di wèrè.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ránṣẹ́ bi wá pé ọmọ ọdún méje kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ilé ìdáná wọn ti jó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń nà án láràárọ̀. Ṣé ẹgba á mú un jáwọ́? Rárá o. Ara ọmọ náà ṣì ń sá fún iná lóru, ẹgba sì ń sọ fún un pé ewu tún wà lówùúrọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹnì kan máa sùn nítòsí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí bàbá fúnra rẹ̀ mú un lọ́wọ́ kó tó sùn, kí wọ́n jọ lọ wo ààrò pé ó ti kú, kí ọmọ náà fi omi kún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ náà tún ránṣẹ́ sí wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye tí àgbàdo ń lọ la ó sọ, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.